Ilẹ̀ Tí A Gbẹ́ fún Alààyè

Ọ̀gì tí mo pò láàárọ̀ ọjọ́ náà ki jù. Ìyàwó mi ti ṣíbí bọ inú rẹ̀, ó gbé ṣíbí sókè, ó dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀, ọ̀gì kò já bọ́. Ó wo ṣíbí, ó wo èmi náà. Ó ní, "Bàbá wọn, ṣé ìwé lẹ fẹ́ fi èyí lẹ̀ ni, àbí èmi lẹ ní kí n mu ún?" Mo da omi gbígbóná sí i, mo rò ó, ó wá ṣàn jù. Ó ní èyí náà kì í ṣe ọ̀gì, omi tó gbọ́ ìròyìn ọ̀gì ni. Ó sì mu ún tán.

Bí ọjọ́ ìkẹyìn wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé mo ti gbọ́ oríṣiríṣi nípa ọjọ́ náà lẹ́nu àwọn tí kò sí nílé wa: pé ó lálàá, pé ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń dágbére, pé ó bẹ̀ mí kí n má ṣe gbé òun wọ omi mọ́. Irọ́ ni. Ọ̀gì la sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sọ ìsọkúsọ náà ti kú. Mo lọ síbi ìsìnkú wọn, mo jókòó, mo ní kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Síbẹ̀ inú ṣì ń bí mi, n kò sì ní díbọ́n pé kò bí mi.

Olùkọ́ ni àwa méjèèjì. Mo kọ́ àwọn ọmọ girama ní ẹ̀kọ́ nípa iná, ìmọ́lẹ̀ àti ooru. Òun kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìwé kíkà. Ọmọ Ìlọ́bù ni mí, ọmọ Ìfọ́n ni òun. Ìlú méjèèjì kò jìnnà síra wọn, ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn ín lẹ́yìn iṣẹ́ kó sì tún bá oúnjẹ alẹ́ nílé. Ìjà ilẹ̀ ló mú kí ó jìn. "Ọmọ Ìfọ́n" ni àwọn ará ilé mi ń pè é nígbà tí mo gbé e wálé, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń pè é títí tó fi bímọ, títí tó fi kọ́ àwọn ọmọ tiwọn náà níwèé, títí tó fi fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá bú u tán, wọ́n á ní eré ni. Òun náà á fèsì pé, "Ẹ rọra o. Ilẹ̀ tí ẹ dúró lé lórí yẹn, bàbá mi ní tòun ni." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kì í dé ojú.

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, nígbà tí ológun ṣì ń ṣèjọba, ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú un. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ padà bọ̀ sípò. Ọwọ́ òsì padà díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì kọ̀. Obìnrin tó ń tọ́jú àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kú, ní ọsibítù ní Òṣogbo, gbá ẹsẹ̀ náà mú, ó nà án, ó ká a, ó ní kì í ṣe pé ó ti kú tán, ó ti gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó ní tí a bá lè rí ibi tí omi ti mu ènìyàn dé àyà, tí omi náà sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ó máa rìn nínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Omi yóò bá a gbé ìwọ̀n ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ tutù, nítorí òtútù yóò mú kí iṣan ẹsẹ̀ náà le gbagidi.

Mo lọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n ní ó ní ibi ìlúwẹ̀ẹ́. Omi wọn tutù, ewé kún inú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì sí níbẹ̀. Ọkùnrin tó wà ní ìdí tábìlì wo ìyàwó mi láti orí dé ẹsẹ̀, bí ó ti fara ti èmi àti ọ̀pá, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, àwọn kọ́sítọ́mà wa kò ní fẹ́ bá aláìsàn wọ omi kan náà." Mo bi í pé àwọn kọ́sítọ́mà wo. Ó ní àwọn tó ń bọ̀. Ìyàwó mi ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ kí wọ́n tó dé." Nínú ọkọ̀ tó gbé wa padà sílé ni mo ti pinnu pé a ó ṣe tiwa lẹ́yìn ilé.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti ba nǹkan jẹ́, ọ̀rọ̀ tí kò burú rárá. Mo lọ bá bíríkìlà tó bá wa tún ilé ṣe. Mo ní, "Mo fẹ́ kí o wá bá mi gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé."

Ó ṣí fìlà. Ó ní, "Ẹ kú ìrọ́jú, sà."

Mo rò pé nítorí àìsàn ìyàwó mi ló ṣe kí mi bẹ́ẹ̀. Mo ní mo dúpẹ́. Ó béèrè bí mo ṣe fẹ́ kó gùn tó, mo fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n hàn án lórí ilẹ̀. Ó ní, "Ó ti fẹ̀ jù, sà." Mo ní bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, kí ara lè tu ìyàwó mi. Mo ní kó fi búlọ́ọ̀kù mọ ọ́n yíká, kó fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ dáadáa, kí omi má baà jáde.

Ó ní, "Kí omi má baà wọlé, lẹ fẹ́ wí, sà."

"Kó má baà jáde ni mo wí."

Ó tún ní, "Ẹ kú ìrọ́jú."

Tí mo bá sọ pé kí ó wá gbẹ́ kànga, tàbí kó wá gbẹ́ ṣalángá, kò sí ohun tí ì bá tibẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ní ìlú wa, bí aláìsàn bá wà nínú ilé, tí ọkọ rẹ̀ sì ní kí wọ́n wá gbẹ́lẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni etí ń gbọ́. A ń sin òkú wa sí ọgbà ilé. Bíríkìlà náà lọ ra símẹ́ǹtì, ó sì sọ fún oní-símẹ́ǹtì pé tíṣà ti ń gbẹ́lẹ̀ de ìyàwó rẹ̀, pé símẹ́ǹtì gidi ló ní kí òun fi ṣe é. Oní-símẹ́ǹtì ní oníbàárà ní Ìfọ́n.

Nígbà tí ihò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi obìnrin bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà ní ẹnu ọ̀nà wa, gèlè rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń ké. "Yéè! Wọ́n ti gbẹ́lẹ̀ de àbúrò mi o! Àwọn ará Ìlọ́bù ti gbẹ́lẹ̀ de àbúrò mi!" Ìyàwó mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bó ẹ̀gúsí.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ káàárọ̀. Ta ló kú?"

"Ìwọ ni!"

"Èmi? Wọn kò tíì sọ fún mi."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ṣàlàyé títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín débi pé ẹ̀gúsí dà nù lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi kò rí ẹ̀rín níbẹ̀. Obìnrin tó ń gbìyànjú láti tún rìn, kí ni yóò ṣe tó bá gbọ́ pé ìlú ti sin òun?

Mọ́gàjí agbolé wa, tó jẹ́ àbúrò bàbá mi, wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, òun àti àgbàlagbà kan. Mo dọ̀bálẹ̀. Kò ní kí n dìde kíákíá.

"Tíṣà, wọ́n ní o gbẹ́lẹ̀."

"Bàbá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Ibi ìwẹ̀ ni."

"Balùwẹ̀ ilé rẹ kò tó?"

"Ibi tí ìyàwó mi yóò ti máa rìn nínú omi ni, bàbá, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè padà."

Ó wo àgbàlagbà kejì. "Ta ló ń rìn nínú omi? Ẹja pàápàá kì í rìn."

Mo ní àwọn oníṣègùn Òṣogbo ló wí bẹ́ẹ̀. Ó lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó dúró létí ihò, ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ ògiri rẹ̀ wò. Ó ní, "Ó dára o. Bó pẹ́, bó yá, yóò wúlò." Gbólóhùn yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Mo sin wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, nítorí pé àgbà ni, mo sì ti wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ láti àárọ̀ ayé mi títí di òní.

Nígbà tí símẹ́ǹtì gbẹ tí a rọ omi sí i, omi náà tutù bíi ti òtẹ́ẹ̀lì. A kọ́kọ́ ń fi igi se omi nínú àgbá, à ń dà á sí i. Èéfín bo ilé, igi ń tán, omi kan kì í sì í tíì gbóná kí èyí tó ṣáájú rẹ̀ tó tutù. Ti iná mànàmáná, kí n má sọ ọ́. Ẹni tó gbé ayé nígbà náà mọ bí a ṣe ń rí i. Ohun tó kù ni oòrùn, tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà lọ́wọ́ wa.

Ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé wa dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀. Ihò omi wà lókè, nítòsí ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ìsàlẹ̀ jẹ́ oko ẹ̀gẹ́ kékeré kan. Mo ní kí káfíńtà kan àpótí pẹlẹbẹ mẹ́rin fún mi. Mo tẹ́ páànù sí inú wọn, mo kùn ún ní ọ̀dà dúdú, mo jẹ́ kí oní-wẹ́dà jó àwọn páìpù tín-ín-rín mọ́ ọn lára, mo sì fi gíláàsì fèrèsé bò ó. Mo tò wọ́n sí ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọ́n kọjú sí oòrùn. Páìpù kan ń gbé omi tútù láti ìsàlẹ̀ ihò lọ sínú àpótí. Òmíràn ń gbé èyí tó ti gbóná padà wá sókè. Kò sí ẹ̀rọ tó ń fà á. Omi gbígbóná fúyẹ́ ju omi tútù lọ, nítorí náà ó ń gòkè fúnra rẹ̀. Ọdọọdún ni mo ń fi èyí kọ́ àwọn ọmọ, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n á gbàgbé. Èmi náà kò ṣe é rí títí di ọjọ́ yẹn. Ní alẹ́ a ó fi tapólì ọkọ̀ bo omi náà kí ooru má baà jáde.

"Àpótí oòrùn" ni ìyàwó mi sọ wọ́n. Àwọn aládùúgbò ní tiwọn sọ pé mo ń sá omi sóòrùn bí ìgbà tí wọ́n ń sá èlùbọ́. Bí mo bá ń kọjá lọ, wọ́n á ní, "Tíṣà, ṣé omi yín ti gbẹ? Ṣé ká wá bá yín gbé e lọ lọ̀?" Ìyá kan ní kí n má jẹ́ kí ewúrẹ́ òun wá jẹ ẹ́ o. Ìyẹn kò dùn mí. Ẹni tó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé mò ń sá omi ti gbà pé omi ló wà níbẹ̀.

Ọjọ́ tí omi náà kọ́kọ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́ dáadáa, mo gbé e sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn símẹ́ǹtì, ó di irin tí a rì mọ́ ẹ̀gbẹ́ mú, mo dúró tì í nínú omi pẹ̀lú ṣòkòtò tí mo fi ń lọ kọ́ ọmọ níwèé. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tí orúnkún òsì ń dìde lábẹ́ omi, díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n jí láti ojú oorun tí kò fẹ́ lọ síléèwé.

Ó ní, "Ó gbọ́ mi."

"Kí ló gbọ́ ọ?"

"Ẹsẹ̀ ni. Mo bá a sọ̀rọ̀, ó sì gbọ́ mi."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń rìn nínú omi ní gbogbo ọ̀sán tí oòrùn bá ti ràn. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń ka ìṣirò alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sókè bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá láti Ìfọ́n, ó jókòó sí etí omi, ó ń wò ó. Ìyàwó mi ní, "Àǹtí, ẹ wá bá mi wọ sàréè mi, ó gbóná." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí Ọlọ́run dárí jì í. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó ti ń fi ọ̀pá rìn láti yàrá dé ẹnu ọ̀nà láìdi ọwọ́ mi mú. Ó rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ènìyàn kí i, wọ́n ní Ọlọ́run tóbi. N kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ní kí òun wá wo ihò tí wọ́n ti sin ín sí, bóyá ó ti ṣófo.

Ní ọjọ́ ọ̀gì yẹn, kò wọ omi rárá. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka ìwé yìí mọ̀, kó sì dì í mú. Ìkùukùu bo ojú ọ̀run láti àárọ̀, àpótí oòrùn kò gbóná, tapólì kò kúrò lórí omi. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ó ní orí ń fọ́ òun. Kí n tó mú omi àti oògùn dé, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ti lọ́. A gbé e lọ sí Òṣogbo nínú ọkọ̀ olùkọ́ kan. Ó mí kẹ́yìn níbẹ̀ kí ọjọ́ tó rọ̀. Dókítà ní rọpárọsẹ̀ náà ló padà wá, pé ẹ̀jẹ̀ ti dà sínú ọpọlọ, pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ṣe tó fà á. Mo sọ èyí fún gbogbo ẹni tó wá kí mi. Wọ́n ń mi orí, wọ́n ń ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, tí wọ́n bá sì dé ìta, mo ń gbọ́ ohùn wọn lójú fèrèsé: "Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ṣebí òkú la fi ń wẹ̀? Ojoojúmọ́ ló ń wẹ alààyè níwẹ̀ òkú."

Wọ́n gbé e wálé fún ìsìnkú. Àwọn ọmọ wa ti dé láti Ìbàdàn. Mo wà nínú yàrá pẹ̀lú rẹ̀, èmi nìkan, nítorí mo ní kí wọ́n fún mi láyè díẹ̀. Mo gbọ́ ìró omi. Mo kọ́kọ́ rò pé àwọn obìnrin ló ń fọ abọ́. Ṣùgbọ́n ìró náà pọ̀ ju ti abọ́ lọ. Omi ni wọ́n ń dà sórí ilẹ̀, garawa lẹ́yìn garawa. Mo dìde, mo gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná jáde.

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin agbolé wa ti ká tapólì kúrò. Wọ́n wà nínú ihò pẹ̀lú ṣòkòtò tí wọ́n ká dé orúnkún, wọ́n ń gbọ́n omi jáde. Ó ti dín dé ìdajì. Mọ́gàjí jókòó sórí àga nítòsí, ó ń fi ọ̀pá júwe fún wọn.

Mo ní, "Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"À ń bá ọ tún ibùsùn ìyàwó rẹ ṣe ni."

"Kì í ṣe ibẹ̀."

"Níbo wá ni? Yangí ni gbogbo ilẹ̀ ọgbà yìí. Ta ló fẹ́ fọ́ ọkọ́ sí i nígbà tí èyí ti wà nílẹ̀? Símẹ́ǹtì rẹ̀ kò ní àléébù. A ó pín in lójú méjì, a ó da erùpẹ̀ sí ìyókù, ó parí." Ó rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni tó ń ṣàánú mi. "Ìwọ fúnra rẹ lo gbẹ́ ẹ fún un, tíṣà. Àbí ẹlòmíràn lo gbẹ́ ẹ dè?"

N kò pariwo mọ́ àgbà rí láyé mi. Mo pariwo lọ́jọ́ náà. Mo ní kí wọ́n gbé garawa sílẹ̀, kí wọ́n jáde nínú omi ìyàwó mi. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà dúró, garawa lọ́wọ́, wọ́n ń wo mọ́gàjí. Àgbàlagbà kan sáré wá, ó ní, "Dọ̀bálẹ̀! Dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ, àbí ìbànújẹ́ ti gba ọgbọ́n lórí rẹ?" Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ tí wọ́n ti fi omi náà pò. Láti ibẹ̀ ni mo ti wí i, ojú mi kọ ilẹ̀, pé mo tọrọ ìdáríjì nítorí ariwo, ṣùgbọ́n wọn kò ní sin ín síbẹ̀. Mo ní tí wọ́n bá sin ín síbẹ̀, a jẹ́ pé irọ́ tí wọ́n pa mọ́ mi jàre. A jẹ́ pé nígbà tí mo ń bá a rìn nínú omi náà, ìsìnkú ni mo ń bá a dánrawò. Mo ní ibi tó ti tún rìn ni.

Mọ́gàjí ní, "Òkú kì í rìn. Dìde. Ẹ máa gbọ́n ọn lọ."

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló dá wọn dúró. N kò mọ ìgbà tó dé ẹ̀yìn wa. Ó wọ aṣọ dúdú, ó ti sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ yè kooro.

Ó kúnlẹ̀ fún mọ́gàjí, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. Ó ní, "Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀ ènìyàn. Bí yangí bá ti lágbára ju àwọn ọkùnrin Ìlọ́bù lọ, kò burú, ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ gbé àbúrò mi fún mi. Àwọn ọmọkùnrin wa ní Ìfọ́n mọ ọkọ́ mú. Wọ́n á gbẹ́lẹ̀ fún un ní ọgbà bàbá rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀."

Mọ́gàjí dìde lórí àga.

"Kí lo wí?"

"Mo ní àwa kì í wá ihò àlòkù fún òkú, bàbá."

Ó yíjú sí àwọn ọ̀dọ́kùnrin. "Ẹ jáde níbẹ̀! Ẹ lọ mú díígà wá! Ọmọ Ìfọ́n kankan kò ní wá kọ́ wa bí a ṣe ń gbẹ́lẹ̀ lórí ilẹ̀ wa!"

Iwájú ilé, lábẹ́ fèrèsé yàrá wa, ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Yangí náà le lóòótọ́. Díígà ń ta iná lára rẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ ọwọ́ láìsinmi, wọ́n làágùn, wọn kò sì ráhùn, nítorí ojú Ìfọ́n wà lára wọn. Mo jókòó, mo ń gbọ́ ìró díígà. Ó yẹ kí inú mi dùn, nítorí pé ohun tí mo fẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Inú ń bí mi. Mo fi ojú bọ ẹrẹ̀ nítorí obìnrin yìí, wọn kò gbọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń pè é ní ọmọ Ìfọ́n láti fi ṣe ẹ̀gàn ni ìdáhùn tí wọ́n fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yẹn ti wà lẹ́nu wọn. Kì í ṣe nítorí ìfẹ́ ni ilẹ̀ ṣe là fún un. Ìlara ilẹ̀ ló là á. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì lò ó bí ènìyàn ṣe ń lo kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí ó ń lọ sílé, ó ní, "Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ọkọ àbúrò mi. Ohun tó bá ṣílẹ̀kùn ni kọ́kọ́rọ́."

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ọmọ ní kí n tẹ̀lé àwọn lọ sí Ìbàdàn. Mo ní n kò lọ. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí wọ́n da yẹ̀pẹ̀ sínú ihò náà kí wọ́n tó lọ. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. N kò wọ ẹ̀yìn ilé fún ìgbà pípẹ́. Omi ìdajì tó kù di àwọ̀ ewé, ó sì gbẹ ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn. Símẹ́ǹtì ìsàlẹ̀ rẹ̀ sán. Eruku ọyẹ́ bo àwọn àpótí oòrùn títí a kò fi mọ̀ pé gíláàsì ni. Oúnjẹ tí mo ń jẹ, àwọn obìnrin ìjọ ló ń gbé e wá. Aṣọ mi, àwọn ló ń fọ̀ ọ́. N kò ṣe nǹkan kan.

Ọkùnrin kan tí a jọ ń jókòó lórí ìjókòó kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn ní ọjọ́ ìsinmi kan. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó di ọwọ́ mi mú.

Ó ní, "Tíṣà, wọ́n ti sọ fún mi ìdí tí ẹ kò fi jẹ́ kí wọ́n sin màmá sí ẹ̀yìn ilé."

Mo ní, "Wọ́n ti sọ fún yín?"

"Pé ẹ̀yin lẹ fi í pamọ́ fún ara yín. Ọgbọ́n ni o. Kí ènìyàn ti pèsè sílẹ̀, kò burú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín wí."

Mo bọ́ ọwọ́ mi lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn, mo sì rìn lọ sílé nínú oòrùn láì dúró kí ẹnikẹ́ni mọ́. Ihò gbígbẹ, ẹnìkan ló ń retí. Tí mo bá da yẹ̀pẹ̀ sí i, òkìtì rẹ̀ yóò dà bí ibojì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun kan ṣoṣo ni kò jọ sàréè lójú ẹnikẹ́ni, òun ni omi tó mọ́ tí ènìyàn lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Mo gbá ewé jáde. Mo fi símẹ́ǹtì dí ibi tó sán, iṣẹ́ mi kò dán, ṣùgbọ́n ó dì. Òjò tó kọ́kọ́ rọ̀ gidi lọ́dún náà, mo darí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ òrùlé sínú rẹ̀, mo fi omi kànga kún un. Mo nu gíláàsì àwọn àpótí. Ó wá ku kí n lé afẹ́fẹ́ jáde nínú páìpù, nítorí pé bí afẹ́fẹ́ bá há síbẹ̀, omi kò ní gòkè. Iṣẹ́ ẹni méjì ni. Ẹnìkan yóò wà lókè, yóò máa rọ omi sí ẹnu páìpù láìdákẹ́; ẹnìkejì yóò wà ní ìsàlẹ̀ lẹ́bàá àpótí, yóò ṣí ẹ̀rọ omi kékeré ibẹ̀, yóò máa wò ó bó ti ń tu itọ́ afẹ́fẹ́, yóò sì tì í kíá nígbà tí omi bá ń wá gbọọrọ. Tí mo bá rọ omi tán kí n tó sáré dé ìsàlẹ̀, omi náà yóò ti dà nù, afẹ́fẹ́ yóò ti tún wọlé. Mo gbìyànjú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo ṣubú lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo dìde. Mo tún gbìyànjú rẹ̀. Ẹnìkan lè wà ládùúgbò tí ì bá wá tí mo bá pè é. N kò pe ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó yá mo wá kẹ́ẹ̀gì òróró kan, mo gé ìdí rẹ̀, mo dojú rẹ̀ dé, mo ki ẹnu rẹ̀ bọ ẹnu páìpù, mo sì fi awẹ́ rọ́bà kẹ̀kẹ́ dì í pinpin kó má baà yẹ̀. Mo rọ omi kún un títí ó fi ń ṣàn sílẹ̀. Mo rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá àpótí, mo ṣí ẹ̀rọ omi. Ó tu itọ́, ó tu eruku, ó kọ́ bí arúgbó, ó dákẹ́, ó tún kọ́. Lẹ́yìn náà ni omi ń wá gbọọrọ, ó mọ́, kò sì dá. Mo tì í.

Mo gòkè padà. Mo tú kẹ́ẹ̀gì náà, mo rì ẹnu páìpù sínú omi, mo jókòó sí etí símẹ́ǹtì, mo ń retí kí oòrùn ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí ó kan àtàrí. Mo ki ọwọ́ sí ẹnu páìpù nínú omi. Èyí tó ń jáde lọ́ wọ́ọ́rọ́.